Ọjọ́ Tí Ràbíátù Wọ Ọkọ̀ Ọkọ Rẹ̀

Gbogbo ọkùnrin agboolé Fàsásì ní Bẹ́yẹrúnkà ló ní iṣẹ́ tí ojú Ìbàdàn mọ̀. Ẹlòmíràn ń hun aṣọ, ẹlòmíràn ń ránṣọ, àwọn tó pọ̀ jù sì ń ṣe oko kòkó. Fàsásì nìkan ni omi ń bọ́. Ìlú olókè, ìlú òrùlé páànù tó ti dípẹtà, níbi tí odò tí ọmọdé ń rí lójoojúmọ́ kò ju Ògùnpa lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ọkùnrin tó fi ohun tó lé ní ogójì ọdún wakọ̀ lójú odò Ọ̀ṣun.

Kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Oko bàbá rẹ̀ wà níhà gúúsù, lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó, ní òdìkejì odò. Láyé ìgbà náà, kò sí ọkọ̀ ní èbúté Aládé. Igbá ńlá ni bàbá rẹ̀ fi ń mú èèyàn sọdá. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá á rọ̀ mọ́ igbá náà láyà, bàbá Fàsásì á máa wẹ̀ lẹ́yìn, á máa ti igbá lọ títí wọn á fi gúnlẹ̀. Nígbà tí Fàsásì di géńdé, ó ní ojú òun kò lè máa wo bàbá òun kó máa mumi odò nítorí èrò ọ̀nà. Igi ìrókò kan wó nínú igbó. Ó fi iná àti àáké gbẹ́ inú rẹ̀ títí ó fi di ọkọ̀. Ó gbẹ́ àjẹ̀, igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wakọ̀, ó mú un lọ́wọ́, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́ títí ó fi darúgbó.

Iṣẹ́ náà le. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi á fà, iyanrìn á yọ láàárín odò, Fàsásì á bọ́ sómi, á máa fi èjìká ti ọkọ̀ tòun ti èrò inú rẹ̀. Nígbà òjò, odò á kún, á pọ́n bí epo, á máa gbé ìtì igi bọ̀ láti òkè. Ẹni tí kò bá mọ ìwà omi nígbà náà, omi á ká a bí ẹni ká ẹní. Ó gbé kòkó, ó gbé ewúrẹ́, ó gbé ìyàwó tuntun tó ń sunkún, ó gbé òkú tí wọ́n ń gbé relé lọ sin. Bí ẹnikẹ́ni bá dé òdìkejì tó bá ké pé "Ọlọ́kọ̀ o!", ìbáà jẹ́ pé òkèlè wà lọ́wọ́ rẹ̀, á dá a sílẹ̀, á dìde. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi, èjìká rẹ̀ ọ̀tún sì ga ju ti òsì lọ. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò yẹn, kò sí ẹni tó wọ ọkọ̀ rẹ̀ tí omi gbé lọ. Ohun kan ṣoṣo tí í máa fi yangàn nìyẹn.

Ọmọ àdúgbò Àrẹ̀mọ ni Ràbíátù, ìyàwó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé ṣe. Ẹ̀gbọ́n Ràbíátù kan wà tó ń jẹ́ Sàídì. Nígbà tí Ràbíátù ṣì wà lọ́mọdé, Sàídì ń ti oko bọ̀, kò ní sùúrù dúró de igbá, ó ní òun á dá wẹ odò Ọ̀ṣun kọjá. Kò gòkè. Nítorí náà, nígbà tí Fàsásì wá tọrọ ọmọ, Yésúfù, bàbá Ràbíátù, wò ó títí.

"Mo rí i pé ọmọlúwàbí ni ọ́," Yésúfù sọ. "N kò ní torí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kí n fi ọmọ dù ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ rẹ láé. Kò sì gbọdọ̀ dé etí odò yẹn. Odò náà ti mú tirẹ̀ lọ́dọ̀ mi."

Fàsásì dọ̀bálẹ̀, ó ní òun gbà, ó sì fi Ọlọ́run búra.

Bẹ́ẹ̀ ni Ràbíátù ṣe jókòó sí Bẹ́yẹrúnkà, tí Fàsásì jókòó sí èbúté. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló máa ń wọlé, á kírun Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí, á bá àwọn ọmọ ṣeré, nígbà tó bá sì di àárọ̀ Sátidé, á ti gbọ̀nà. Ràbíátù ló tọ́ àwọn ọmọ. Ràbíátù ló ń ta ẹní ní Ọjà'ba, tó fi owó ẹní paná gbèsè, tó fi ṣí koríko kúrò lórí ilé, tó fi páànù bò ó, tó tún kọ́ yàrá kún yàrá. Àwọn obìnrin agboolé a máa fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ìyàwó tuntun. "Ẹ wo Ràbíátù àti ọkọ rẹ̀," wọ́n á ní, "wọn kì í jà." Ìgbà wo ni wọn ì bá ráyè jà?

Nígbà tó kù díẹ̀ kí Nàìjíríà gba òmìnira, ìjọba rán òṣìṣẹ́ wá sí èbúté Aládé. Wọ́n ri irin mọ́lẹ̀, wọ́n po sìmẹ́ńtì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í na afárá sọdá odò. Àwọn èèyàn ń káàánú Fàsásì lẹ́yìn, ṣùgbọ́n Èjìdé, obìnrin tó ń ta gàrí létí omi, kò lè pa tirẹ̀ mọ́ra.

"Bàbá Ọlọ́kọ̀," ó ní, "ẹ kàn ń wò wọ́n ni? Iṣẹ́ yín ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín yẹn o!"

Fàsásì rẹ́rìn-ín. "Èjìdé, ìwọ ló yẹ kó kọ́kọ́ jó. Àbí o ti gbàgbé bí o ṣe bí Sẹ̀gilọlá?"

Èjìdé fọwọ́ bo ẹnu. Ta ni yóò gbàgbé? Odò kún lọ́jọ́ náà, ìrọbí mú un ní abà, ilé ìgbẹ̀bí sì wà ní òdìkejì. Wọ́n kò tíì ju àárín omi lọ tí ọmọ ní òun kò dúró mọ́. Ìyá ọkọ Èjìdé tó tẹ̀ lé e fi gèlè bo ojú, ó ń ké pe Ọlọ́run. Fàsásì fi orúnkún méjèèjì há àjẹ̀ mọ́ra kí ọkọ̀ má baà yí, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tó le bí èèpo igi yẹn gba ọmọ.

"Ká ní afárá wà nígbà náà," Fàsásì ní, "orí bẹ́ẹ̀dì lò bá bímọ sí bí ọmọ èèyàn. Mo ti wakọ̀ tó. Ẹ jẹ́ ká máa fẹsẹ̀ rìn."

Ó dé inú rẹ̀. Èjìká ń dùn ún ní ọyẹ́, ojú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí ìtì igi lókèèrè mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí afárá, ó wọ agbádá tó máa ń wọ̀ lọ sí yídì. Kó tó gorí afárá, ó bọ́ bàtà sọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe bó bá fẹ́ wọkọ̀, gbogbo èrò sì bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rín in. Ó rìn dé àárín, ó dúró, ó wo omi tó ń ṣàn nísàlẹ̀. Ó rí lára rẹ̀ bí ìgbà tí darandaran bá jókòó sábẹ́ igi, tó ń wo màlúù tó ti dà títí bó ti ń dá jẹko. Kò sí ìbànújẹ́ níbẹ̀. Ó so ọkọ̀ mọ́ igi lábẹ́ afárá, ó fi àjẹ̀ sílé Èjìdé, ó di ẹrù, ó sì wọ bọ́lẹ́kájà tó ń lọ sí Mọ́lété. "Ilé làbọ̀ sinmi oko," ló ń wí fún gbogbo ẹni tó bá jókòó nínú mọ́tò. Kò mọ̀ pé ilé náà ní bí wọ́n ṣe ń gbé e.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dùn. Ràbíátù pa adìẹ, àwọn ọmọ-ọmọ ń gun bàbá àgbà wọn lẹ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ohùn tí Fàsásì ti fi ń dá èèyàn lóhùn láti òdìkejì odò kò mọ bí wọ́n ti ń rẹlẹ̀. Bó bá ní kí wọ́n bu omi wá, wọ́n á gbọ́ ọ dé Bẹẹrẹ. Kí ládàánì tó pe ìrun Àsùbáà, ó ti gbá àgbàlá, ó ti kó ìkòkò omi kúrò níbi tí Ràbíátù ń gbé e sí, ó ní ibòòji ló yẹ ìkòkò. Ràbíátù á jí, kò ní rí omi ṣe àlùwàlá. Lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ ran ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó tú gbogbo ẹní tí Ràbíátù ti ṣà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì tún un dì ní ìdì ọlọ́kọ̀. Ràbíátù ru ẹrù dé Ọjà'ba, kò rí ẹni tó lè tú okùn náà. Ọ̀bẹ ló fi gé e.

Nígbà tó yá, ó tẹ̀ lé e lọ sọ́jà. Obìnrin kan wá nájà ẹní, ó mú eléyìí, ó fi sílẹ̀, ó mú ìyẹn, ó tún fi sílẹ̀. Fàsásì wò ó, ara rẹ̀ kò gbà á.

"Ìyá," ó ní, "bí kò bá wù yín, ẹ yà fún ẹlòmíràn. Èrò ń bọ̀ lẹ́yìn."

Obìnrin náà pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ. Ràbíátù ká ẹní tó wà nílẹ̀, ó rọra yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Àkíbù, oníbàárà mi nìyẹn láti ìgbà tí mo ti ń pọn Àkíbù."

"Ó ń fi àsìkò ṣòfò ni."

"Ẹ jẹ́ kó fi ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń rajà."

Àkíbù, àkọ́bí wọn, ń ránṣọ ní Bẹẹrẹ. Ó rí i pé ojú ìyá òun ń pọ́n, ó bá rọ bàbá rẹ̀ pé kó máa lọ jókòó ti àwọn àgbààgbà níwájú mọ́ṣáláṣí. Fàsásì lọ. Ọ̀rọ̀ oyè àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ta ló fẹ́ ọmọ ta, ilé ta ni wọ́n ta lówó pọ́ọ́kú. Fàsásì kò mọ ọ̀kan nínú wọn. Ìgbà tó sì sọ̀rọ̀ nípa ọdún tí odò kún dé orí igi, wọ́n mi orí fún un bí ẹni ń tu ọmọdé nínú.

Ọ̀rọ̀ igi ọsàn ló wá dá ìjà sílẹ̀. Fàsásì ń yí ilé po lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì padà wọlé tìbínú-tìbínú.

"Ta ló gé igi ọsàn tó wà lẹ́yìnkùlé?"

Ràbíátù ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbójú sókè. "Èmi ni."

"Láìsọ fún mi?"

"Mo sọ fún yín. Ẹ ní kò burú. Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́wàá. Yàrá tí ẹ ń sùn ló dúró lójú ibi tí igi náà wà."

Yàrá náà ni Fàsásì ń sùn sí ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ojú tì í, ìtìjú sì tún fi ìbínú kún inú rẹ̀. Ràbíátù gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀.

"Bàbá Àkíbù, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ò mọ ilé yìí. Àlejò ọjọ́ Jímọ̀ ni yín nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé mi wá."

"Ìwọ náà ò mọ odò!" Gbogbo agboolé ló gbọ́. "Nítorí ilé yìí ni mo ṣe lo ayé mi níbẹ̀. O ò bi mí lọ́jọ́ kan pé, báwo lomi ṣe rí?"

"Ta ló ní kí n má dé ibẹ̀?" Ràbíátù ní.

Ó fa àtẹ ẹ̀wà mọ́ra, ó tún ń ṣà á lọ.

Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ ọjọ́ kejì, Fàsásì yà sọ́dọ̀ Àkíbù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Mo fẹ́ lọ kí àwọn ará èbúté," ó ní. "Sọ fún ìyá rẹ pé n kò bínú lọ." Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí Mọ́lété, ó sì wọ mọ́tò.

Èjìdé gbà á tayọ̀tayọ̀, ó ṣí yàrá kan fún un. Fàsásì lọ sábẹ́ afárá, ó gbọ́n omi òjò kúrò nínú ọkọ̀, ó fi òwú àti oje igi dí ibi tó ń jò, ó sì jókòó sí etí rẹ̀. Àwọn èèyàn ń kí i láti orí afárá. Bọ́lẹ́kájà tó kún fún kòkó ń kọjá lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ké pé "Ọlọ́kọ̀ o!" Ó yà á lẹ́nu pé ìyẹn kò dun òun. Ohun tó ń dùn ún ni ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde sí Ràbíátù. Obìnrin tó kọ́lé dè é, òun wá ń bi í léèrè igi ọsàn! Ó pinnu pé bó bá di ọjọ́ kejì, òun á ra ẹja, òun á fi bẹ̀ ẹ́.

Ẹja náà kò délé. Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kejì ọ̀hún, bọ́lẹ́kájà kan dúró ní ẹsẹ̀ afárá, obìnrin àgbàlagbà kan sì rọra sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ìborùn lórí. Fàsásì rò pé ojú ń tan òun ni. Ó sáré gòkè.

"Ìyá Àkíbù! Ṣé kò sí láburú? Ta ni ara rẹ̀ ò yá?"

"Ara gbogbo wa yá," Ràbíátù dáhùn. "Ẹ ní n kò mọ odò. Mo wá wò ó."

Ó dúró jìnnà sí etí omi, bí èèyàn ṣe ń dúró jìnnà sí ajá tó ti gé ará ilé rẹ̀ jẹ. Fàsásì wá dúró tì í.

"Bàbá rẹ ńkọ́? Mo búra fún un."

"Mo lọ bá alùfáà wa ní Àrẹ̀mọ lánàá. Ó ní ẹ̀rù ló ba bàbá mi, kò sì jẹ̀bi, ọmọ rẹ̀ ló kú. Ó ní ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹ̀rù ẹni tó ti lọ máa de ẹsẹ̀ ẹni tó kù. Ó gbà yín sílẹ̀ nínú ìbúra yẹn, a sì ṣe àdúrà fún bàbá mi." Ó mí kanlẹ̀. "Bàbá Àkíbù, mo fẹ́ rí ibi tí ẹ máa ń wà ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ kì í sí nílé."

Fàsásì lọ sílé Èjìdé, ó mú àjẹ̀ wá. Ó fa ọkọ̀ mọ́ èbúté títí tí kò fi mì, ó bọ́ sínú omi dé orúnkún, ó sì na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀. Ràbíátù bọ́ bàtà. "Bísímílà," ó ní, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan wọnú ọkọ̀.

"Jókòó sí àárín. Di etí ọkọ̀ mú lọ́tùn-ún lósì. Má wo omi, Àtọ́kẹ́. Ojú mi ni kó o máa wò."

Ìyàrá nìkan ni Fàsásì ti máa ń pe oríkì yẹn. Ràbíátù wojú rẹ̀. Ó rí i bí ojú náà ṣe yí padà bí ọkọ̀ ṣe ń kúrò nílẹ̀, bí bàbá arúgbó tó ń kó ìkòkò kiri nílé ṣe di ẹlòmíràn. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò kánjú. Ó ń fi àjẹ̀ gé omi lápá kan, ó ń fi dá ọkọ̀ dúró lápá kejì, ọkọ̀ sì ń lọ nínú omi wọ́ọ́rọ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Ràbíátù gbójú kúrò lójú ọkọ rẹ̀, ó wo omi. Ó wò ó lọ sókè, ó wò ó lọ sísàlẹ̀.

"Níbo ni?" ó béèrè.

Fàsásì mọ ohun tó ń bi í. Ó yí orí ọkọ̀ sí òkè odò, ó wà á títí wọ́n fi súnmọ́ ibi tí odò ti tẹ̀, níbi tí àpáta dúdú kan ti yọrí.

"Abẹ́ ibẹ̀ yẹn ni," ó ní. "Bàbá mi wà lójú omi lọ́jọ́ náà. Ó wẹ̀ lọ bá a, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló fi ibẹ̀ hàn mí, ó ní n kò gbọdọ̀ gbé èrò gba ibẹ̀ láé."

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n látọjọ́ yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ti ń kọjá lọ́ọ̀ọ́kán, mo máa ń kí i. Mo máa ń ní, 'Sàídì, àna mi, ó dàárọ̀ o.' Mo sọ fún un nígbà tí a bí Àkíbù. Mo sọ fún un nígbà tí o fi páànù bo ilé. Nígbà tí bàbá rẹ kú, mo dá àwọn èrò dúró, mo wá sọ fún un."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún èmi?"

"Mo rò pé bí mo bá dárúkọ rẹ̀ fún ọ, wàá ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. N kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn."

Omi ojú dà lójú Ràbíátù. Kò nù ún. "Ṣé ọkọ̀ lè dúró díẹ̀?"

Ọkọ̀ kì í dúró lójú omi tó ń sáré. Fàsásì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú ọkọ̀, ó ki àjẹ̀ bọ omi jinlẹ̀jinlẹ̀, ó ń wà á bọ̀ bí odò ṣe ń tì í lọ, tí ọkọ̀ kò fi lọ síwájú tí kò sì lọ sẹ́yìn. Èjìká ń ta á bí iná. Ó gbójú sí òdìkejì kó má baà gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

"Sàídì," Ràbíátù ní, "èmi ni. Mo ti wá dàgbà jù ọ́ lọ báyìí."

Ìyókù, afẹ́fẹ́ gbé e lọ. Nígbà tó parí, ó na ọwọ́ sí odò, ó bu omi, ó fi bọ́jú.

"Ẹ máa wà á lọ," ó ní. "Apá ń dùn yín."

Kí wọ́n tó gúnlẹ̀ ní òdìkejì, ìròyìn ti dé abà pé Bàbá Ọlọ́kọ̀ ń gbé ìyàwó rẹ̀ bọ̀. Obìnrin kan tó pọn ọmọ sẹ́yìn ló kọ́kọ́ sáré dé, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá wa! Èmi ni Sẹ̀gilọlá, ọmọ Èjìdé. Bàbá yìí ló gbẹ̀bí mi nínú ọkọ̀ tí ẹ wọ̀ yìí."

Ràbíátù yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ gbẹ̀bí? Ẹ̀yin? Nígbà tí mo ń rọbí Àkíbù, ṣebí ẹ sá lọ sí Ọjà'ba ni!"

Gbogbo ará abà bú sẹ́rìn-ín. Fàsásì ń fi ọwọ́ ra orí. Wọ́n mú wọn lọ sábẹ́ igi, wọ́n tẹ́ ẹní. Àgbà wá, ọmọdé wá. Ẹnì kan ní ọkọ̀ Fàsásì ló gbé ìyá òun wá ilé ọkọ. Ẹnì kan ní òun ti fìgbà kan já sómi nígbà tí òun kò gbọ́ràn tí òun dìde nínú ọkọ̀, pé irun orí ni Bàbá Ọlọ́kọ̀ fi fa òun jáde, pé ó sì tún gbá òun létí. Wọ́n kó iṣu, wọ́n kó ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n kó ẹja yíyan sílẹ̀ níwájú Ràbíátù títí kò fi mọ ẹni tí yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí èrò fọ́n ká díẹ̀, Fàsásì sún mọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Èmi gbé àwọn wọ̀nyí," ó ní, "ìwọ gbé ilé. Mo ń sùn nínú yàrá, n kò mọ̀ pé igi ọsàn ti kúrò. Dárí jì mí, Àtọ́kẹ́."

Ràbíátù wò ó, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu rẹ̀. "Ọsàn náà tilẹ̀ kan," ó ní. "Kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́."

Nígbà tó di pé kí wọ́n padà, Fàsásì lọ dúró ti ọkọ̀. Ràbíátù kọ̀ jálẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Afárá ni mò ń gbà."

Fàsásì kò bá a jiyàn. Ó pe ọkọ Sẹ̀gilọlá, tí í ṣe apẹja, ó fa okùn ọkọ̀ lé e lọ́wọ́, ó ní kó máa lò ó. Tọkọtìyàwó sì gba orí afárá lọ, àwọn ọmọ abà ru iṣu tẹ̀ lé wọn.

Láti ìgbà náà, ayé wọn ní Bẹ́yẹrúnkà gún. Ràbíátù ló wá iṣẹ́ fún un. Àwọn obìnrin abà etí odò ń hun ẹní tó dára ju èyí tí ń wá sí Ọjà'ba lọ, Fàsásì sì mọ gbogbo wọn lójú mọ̀ wọ́n nílé. Ó di ẹni tó ń wọ mọ́tò lọ kó ẹní wá lóṣooṣù. Ràbíátù nìkan ló ń dì í, Ràbíátù nìkan ló ń nájà. Ìkòkò omi padà sí àyè rẹ̀. Bí ohùn bàbá bá ti fẹ́ dé Bẹẹrẹ, Ràbíátù á kàn na àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ díẹ̀, bàbá á sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe pé wọn kì í jà mọ́. Wọ́n ń jà dáadáa, lórí iyọ̀, lórí fèrèsé, lórí ẹni tó fi àtùpà sílẹ̀ lójú ọ̀nà, tó fi jẹ́ pé àwọn obìnrin agboolé kò fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ fún ìyàwó tuntun mọ́. Ṣùgbọ́n àwo kan náà ni wọ́n ti ń jẹun.

Ọdún òmìnira dé, wọ́n jọ gòkè lọ sí Màpó lọ wo àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń yan pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́. Nígbà tó di Iléyá ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ará èbúté wọ mọ́tò wá kí wọn: Èjìdé, Sẹ̀gilọlá àti ọkọ rẹ̀, àti ọmọ wọn tó ti ń rìn. Ilé kún. Wọ́n gbé ẹran sílẹ̀, Ràbíátù sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn ará agboolé bí òun ṣe wọ ọkọ̀ ọjọ́sí. Fàsásì tẹ́tí. Odò náà ti fẹ̀ sí i láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ ìtàn náà kẹ́yìn. Ìgbì ibẹ̀ ti ga tó òkè Màpó. Lọ́dún yìí, ọ̀nì kan sì tún ti yọ lábẹ́ àpáta, ó la ẹnu, ó ń wo Ràbíátù.

Fàsásì kò rí ọ̀nì rí lójú odò yẹn, láti ìgbà ọ̀dọ́ títí di ọjọ́ ogbó. Ó mú ẹran kan, ó fi sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́.

"Àbí irọ́ ni mo ń pa, Bàbá Àkíbù?" Ràbíátù bi í níwájú gbogbo ènìyàn.

Fàsásì gbé ẹran mì. "Ọ̀nì ọ̀hún," ó ní, "ó tún tóbi ju bó ṣe sọ ọ́ yẹn lọ."